Ìjọba wúlò, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló fún un ní ilẹ̀ bàbá wa? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Simmons yìí

ỌmọOdógbolú

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá mi wò ó. Ilẹ̀ oko ẹbí wa kan wà lẹ́yìn Odógbolú, bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀. Obì àti kòkó wà lápá kan, apá kejì ìgbòrò ni, a fi sílẹ̀ kó sinmi. Àfi bí àwọn kan ṣe dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀dà pupa, wọ́n kọ nọ́ńbà sára igi, wọ́n fa ọ̀dà sára pèrègún tó jẹ́ ààlà wa, wọ́n ní ìjọba nílò ilẹ̀ náà, àwọn á san owó igi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi wọ́n pé owó ilẹ̀ ńkọ́, wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe tiyín bàbá, ti gómìnà ni láti 1978. Wọ́n ka igi obì, wọ́n ka kòkó, wọn ò tiẹ̀ wo apá ibi tí ìgbòrò wà, wọ́n ní igbó lásán ni.

Níbi tí mo ti ń wá ohun tí mo lè kà ni mo ti bá A. John Simmons pàdé, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà tó kọ́ni ní Yunifásítì Virginia fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́, Moral Principles and Political Obligations, jáde ní 1979, ṣùgbọ́n ohun tó gbá mi mú jù ni àpilẹ̀kọ kan tó kọ ní 1999 tó pè ní Justification and Legitimacy. Ó ní ìbéèrè méjì wà tí a máa ń pa pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Èkíní, ṣé ó sàn kí irú ìjọba yìí wà ju kó má sí lọ? Èkejì, ṣé ìjọba yìí gan-an ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ fún èmi gan-an, kí n sì gbọ́dọ̀ gbọ́? Ó ní tí èsì èkíní bá tiẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ò tíì dáhùn èkejì rárá.

Ẹ wò ó báyìí. Àbúrò ìyá mi obìnrin mọ ọjà tà ju ìyá mi lọ, tó bá gba ṣọ́ọ̀bù ìyá mi mú láti òní, èrè á pọ̀ sí i, gbogbo wa nílé la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyẹn wá sọ ṣọ́ọ̀bù di tiẹ̀? Àfi tí ìyá mi bá kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Simmons ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjọba, pé wíwúlò ẹ̀ ò tó, ìfọwọ́sí ẹni tí wọ́n ń ṣèjọba lé lórí ló ń fún un láṣẹ. Ó tún ní ìjọba tó rí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láyé yìí.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí, ìgbà wo la fọwọ́ sí i?


Lọ́yà_Ṣàgámù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Odógbolú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti òfin, torí ẹni tí ọ̀dà pupa wà lára igi ẹ̀, òfin ló kọ́kọ́ nílò.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Land Use Act, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ló gbé e jáde ní 29 oṣù Kẹta 1978. Abala 1 ní gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ gómìnà, kó máa bá àwọn ọmọ Nàìjíríà dì í mú fún àǹfààní gbogbo wọn. Ẹ kíyè sí i pé ó ń bá wọn dì í mú ni, kò rà á. Abala 36 ní ẹni tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ìgboro kí òfin tó dé, ẹ̀tọ́ ẹ̀ láti máa lò ó lọ ṣì wà. Abala 28 ló fún gómìnà láyè láti gbà á tí àǹfààní gbogbo ìlú bá béèrè fún un, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kí ìwé sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Tí ìwé ò bá tíì dé ọwọ́ yín, ọ̀dà pupa kì í ṣe ìwé o. Abala 29 ní kí wọ́n san owó ohun tó wà lórí ilẹ̀, ilé, igi, iṣẹ́ tí ẹ ṣe sí i. Wọn ò ní kí wọ́n san kọ́bọ̀ fún ilẹ̀ fúnra ẹ̀, àfi iye rẹ́ńtì tí ẹ bá san lórí ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbà á. Abala 47 tún wá ní kóòtù kankan ò gbọdọ̀ yẹ iye owó náà wò bóyá ó tó.

Ní ti Simmons, mo kà á nígbà tí mo wà nílé ìwé, mi ò sì gbà pẹ̀lú ẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ṣàgámù níbí ló sọ mí di ẹni tí ò gbà. Mo ti rí ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan tí wọ́n tà fún èèyàn mẹ́ta, rìsíìtì mẹ́ta, olórí ẹbí méjì tí kálukú ń pe ara ẹ̀ ní olórí. Immanuel Kant, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Jámánì, ti sọ ọ́ láti 1797 pé níbi tí kò bá sí adájọ́ kan tó kó gbogbo wa pọ̀, ohun tí kálukú ń pè ní tèmi, ẹnu lásán ni, kò tíì dúró. Ó ní àwọn tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin kan náà, a kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó wù ú. Tí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, ẹ ò lè sọ pé ilẹ̀ ti jẹ́ tiyín pátápátá kí ìjọba tó dé, torí ìjọba ló ń mú kí ‘tiyín’ nítumọ̀.


Ìyá_Òkè-Ajé

Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, èmi ò ka ìwé òyìnbó yẹn ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ tẹnu mi torí pé ọjà ni mò ń ná láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀nà tí mò ń gbà lọ Èkó ra ọjà, ilẹ̀ ẹnì kan ni wọ́n gbà kí wọ́n tó là á, tó bá jẹ́ pé onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa fọwọ́ sí i, ṣé ọ̀nà á jáde títí di òní? Ní àdúgbò wa a dá owó tiransifọ́mà, ilé kọ̀ọ̀kan san tiẹ̀, bàbá kan ò san, ó ní òun ò bá wa ṣèpàdé, ìgbà tí iná dé ó tan tiẹ̀, ó gbé fíríìjì síta ó ń ta omi tútù. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń jẹ àǹfààní ìlú kó má san ti ìlú? Ohun tí mo sì mọ̀ nípa òfin 1978 yẹn ni pé àwọn àgbà wa dákẹ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.


Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kúulẹ́ mà. Àpẹẹrẹ tiransifọ́mà tí ẹ mú wá yìí, Simmons sọ púpọ̀ lórí irú ẹ̀ nínú ìwé 1979 yẹn. H. L. A. Hart, onímọ̀ òfin ará Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀ ní 1955, pé táwọn èèyàn bá jọ fara ṣiṣẹ́ fún ohun kan, ẹni tó bá jẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe tiẹ̀. Robert Nozick, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà, wá takò ó ní 1974. Ó ní ká sọ pé àwọn aládùúgbò rẹ so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́gi, kálukú ń mú ọjọ́ tiẹ̀ láti fi orin àti ìtàn dá ìlú lára yá, o ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé, inú rẹ ń dùn. Ọjọ́ tó kàn ọ́ pé, ṣé dandan ni kí o fi gbogbo ọjọ́ rẹ ṣe é nígbà tí o ò bá wọn dá sí i?

Simmons ò gbà pátápátá pẹ̀lú èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ó ní ká ya kí nǹkan débá èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára kí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ gbà á. Bàbá tí ẹ sọ yẹn, òun ló gbé ọwọ́ so wáyà, òun ló gbé fíríìjì síta, ó mọ̀ pé àwọn èèyàn ló dá owó ẹ̀, nítorí náà ó jẹ gbèsè, Simmons á wà lẹ́yìn yín níbẹ̀. Òun náà tiẹ̀ lo àpẹẹrẹ kànga tí àwọn ará àdúgbò gbẹ́, tí ẹnì kan tó kọ̀ láti dá sí i wá ń yọ́ pọn omi ẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ààbò lọ́wọ́ ọ̀tá, ọ̀nà tó gba ẹ̀yìnkùlé rẹ kọjá, ìwọ̀nyẹn kàn ń débá wa ni bí òjò, kò síbi tí a ti lè kọ̀ ọ́. Ohun tí mi ò bá lè kọ̀, a ò lè fi sọ pé mo gbà á.

Ní ti dídákẹ́, mà, ó ní ìdákẹ́ lè jẹ́ ìfọwọ́sí lóòótọ́, tó bá jẹ́ ní ìpàdé tí alága bi wá pé ṣé ẹnikẹ́ni takò ó, tí gbogbo wa dákẹ́. Àmọ́ ẹni tó dákẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bi òun, kí àyè àti àkókò wà láti takò ó, kí ohun tí àtakò máa kó bá a má sì pọ̀ jù. David Hume, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Skọ́tíláǹdì, ti fi ọkọ̀ ojú omi ṣàlàyé ẹ̀ ní 1748. Wọ́n gbé èèyàn wọnú ọkọ̀ nígbà tó ń sùn, ó jí lágbedeméjì òkun, ọ̀gá ọkọ̀ wá ní bí o ò ṣe bẹ́ sómi yìí, o ti gbà kí n máa pàṣẹ fún ọ nìyẹn. Àwọn ológun 1978, ìpàdé wo ni wọ́n pè tí wọ́n ti bi àwọn bàbá wa pé ta ló takò ó?


Títísà_Ìkẹ́nnẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì, ìtàn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, inú mi dùn pé ẹ̀yin èwe ń bi irú ìbéèrè báyìí. Ọmọ Odógbolú, o béèrè pé ìgbà wo la fọwọ́ sí i. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà òwò tó lọ sókè mú, wọ́n ń gba owó ibodè, wọn ò sì jẹ́ kí òyìnbó gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Ní oṣù Kínní 1892 àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ lọ sí Èkó, wọ́n bá gómìnà òyìnbó sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí wọ́n máa fún Awùjalẹ̀ ní £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Ìgbà tó kan àtifọwọ́ síwèé, àwọn ìránṣẹ́ náà ò fi ọwọ́ kan bíírò. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó ló fọwọ́ sí i dípò wọn. Ìwé yẹn ni wọ́n wá fi ẹ̀sùn kàn wá pé a yẹ̀ é, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott fi kó ọmọ ogun wá ní oṣù Karùn-ún, tí ogun Ìmàgbọn ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ta ló fọwọ́ sí i? Ẹni tí Awùjalẹ̀ ò rán.

Ti Rẹ́mọ tiwa yàtọ̀. A ò bá wọn jagun, ìwé ni Akárìgbò bá wọn ṣe ní 1894 tí Rẹ́mọ fi bọ́ sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn wa máa ń sọ pé tiwa bófin mu torí pé ọba wa fọwọ́ sí i. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. John Locke, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí Simmons kọ odidi ìwé méjì lé lórí ní 1992 àti 1993, ó ti kọ ọ́ láti 1689 pé bàbá ò lè fi ẹnu ara ẹ̀ so ọmọ ẹ̀ mọ́ ìjọba kankan, ọmọ tó bá dàgbà ló máa sọ tiẹ̀. Tí bàbá tó bí mi ò bá lè ṣe é, ṣé ọba tó wà kí wọ́n tó bí bàbá mi ló máa ṣe é? Orí 16 nínú ìwé Locke yẹn, ti ìṣẹ́gun lójú ogun ló sọ. Ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ lọ́nà àìtọ́ ò rí ẹ̀tọ́ kankan gbà níbẹ̀, kódà ẹni tí ogun ẹ̀ tọ́ gan-an, kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ọmọ àwọn tó ṣẹ́gun. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Ìmàgbọn ni mò ń rí níwájú mi.

Lọ́yà, ẹ má bínú, ẹ sọ pé kò sí adájọ́ kí ìjọba tó dé. Adájọ́ wà o. Òṣùgbó wà, Ìlámùrẹn wà, Pàmpá wà nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú ni wọ́n, ọba ò sì lè dá ilẹ̀ ẹbí mú. Kì í ṣe ibi tí kò ti sí òfin ni òyìnbó bá.


Lọ́yà_Ṣàgámù

Bàbá, ẹ ṣeun, mo gba ti Òṣùgbó, ẹnu mi yá jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, 1892 ti ré kọjá. Jeremy Waldron, onímọ̀ òfin àti fìlọ́sọ́fì, kọ ọ́ ní 1992 pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi ipá gbà lè ṣá bí ìgbà ṣe ń lọ, torí àwọn ẹlòmíràn ti bí ọmọ síbẹ̀, ti kọ́lé síbẹ̀, àìní àwọn èèyàn sì ti yí padà. A ti ń dìbò láti 1999, òfin 1978 náà sì wà nínú kọnsitítúṣọ̀n ní abala 315, kò sí ẹni tó lè yí i padà bí òfin lásán. Ṣé gbogbo ìyẹn ò já mọ́ nǹkan ni?


ỌmọOdógbolú

Sà, kọnsitítúṣọ̀n 1999 yẹn náà, dìkírì ológun ló gbé e jáde, nọ́ńbà 24 ti ọdún yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ‘àwa aráàlú’ ló kọ síwájú ẹ̀. Ní ti ìbò, ẹni tó dìbò àti ẹni tí ò dì, ohun kan náà ni wọ́n ń fi de àwọn méjèèjì. Tí kíkọ̀ mi ò bá yí nǹkan kan padà, báwo ni dídì mi ṣe wá di ìfọwọ́sí?

Ti Waldron, Simmons dá a lóhùn ní 1995. Bí mo ṣe lóye ẹ̀, ó gbà pé ìpín èèyàn lè dín kù bí èèyàn bá pọ̀ sí i láyé, pé mi ò lè sọ pé gbogbo hẹ́kítà tí bàbá ńlá mi ní ló gbọ́dọ̀ padà wá bó ṣe rí. Ohun tí ò gbà ni pé kí ẹ̀tọ́ náà kú. Ó ní kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣáá ni ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ sí, apá kan nínú ilẹ̀ yẹn gan-an ni. Ìyẹn ló yàtọ̀ sí ká fún mi lówó igi ká ní kí n máa lọ.

Ẹ tún wo ohun tí òfin yìí sọ wá dà. Gbogbo wa mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àlejò tó wá dáko lórí ilẹ̀ wa, á mú iṣu, á mú ẹmu wá lọ́dọọdún, torí kí oúnjẹ wọ̀ wá lẹ́nu kọ́, torí kó lè hàn pé ó mọ onílẹ̀ ni. Ìgbà tí mo lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń gba sí-ọ́ọ̀fù-ó, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ti ìjọba, wọ́n ní lọ́dọọdún ni màá máa san owó ilẹ̀, tí n bá sì fẹ́ tà, àfi kí n gba kónsẹ́ntì gómìnà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti fi èdìdì dì í ní 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Èmi ọmọ onílẹ̀ ló wá di ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́nà yìí, bàbá náà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.


Àgbẹ̀_Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ìjókòó. Èmi fẹ́ sọ ti ìgbòrò torí òun ló dùn mí jù, gbogbo yín sì fò ó.

Ẹni tó bá ní ìgbòrò jẹ́ igbó lásán ò dáko rí. Ilẹ̀ tí o gbin ẹ̀gẹ́ sí fún ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra, tí o ò bá fi sílẹ̀, kò ní fún ọ ní nǹkan kan mọ́. O máa fi í sílẹ̀ ọdún mẹ́fà, méje, ewé á jábọ́, á rà, kòkòrò á padà, ilẹ̀ á dúdú. Iṣẹ́ ni. O ń fi ebi pa ara rẹ lónìí kí ọmọ rẹ lè jẹun. Mo gbọ́ pé Locke tí ẹ ń dárúkọ yìí ní ẹni tó bá fi òógùn ẹ̀ ro ilẹ̀ ló ni ín, ṣé òun kọ́ ló tún pe ilẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ní ilẹ̀ tó ṣófo? Ẹ̀kọ́ kan náà làwọn ọlọ́dà pupa kọ́.


Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́-Ìwòyè

Bàbá àgbẹ̀, òótọ́ lẹ sọ. Locke kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní orí 5, òun náà sì bá wọn lọ́wọ́ sí ìwé òfin Carolina ní 1669, ó ní owó nínú kọ́ńpìnnì tó ń kó ẹrú láti Áfíríkà. A ò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Simmons fi ọ̀rọ̀ Locke ṣe. Ó ní kì í ṣe òógùn tó kán sílẹ̀ ló sọ nǹkan di tèèyàn, pé kí èèyàn fa nǹkan náà wọnú ètò ayé ẹ̀ ni, kó ní ohun tó ń lò ó fún, kó sì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Tí a bá fi èyí wo ìgbòrò, ètò ni ìgbòrò. Ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún méje tó mọ ọdún tí òun á padà, ń lò ó lọ́wọ́. Simmons ò sọ ti Ìjẹ̀bú o, èmi ló so ó pọ̀, àmọ́ mi ò rí bó ṣe lè takò ó.

Fún Lọ́yà, ìwé Simmons ti 2016, Boundaries of Authority, dá Kant lóhùn. Tó bá jẹ́ pé ṣíṣe ìdájọ́ dáadáa ló ń fún ìjọba láṣẹ lórí ilẹ̀, kí ló máa dá orílẹ̀-èdè míì tó mọ ìdájọ́ ṣe jù ú lọ dúró láti má wá gba ilẹ̀ ọ̀hún? Kí ló dé tó fi jẹ́ Nàìjíríà, tí kì í ṣe Jámánì, ló ni Odógbolú? Ohun tí òyìnbó sì sọ ní 1892 gan-an nìyẹn, pé àwọn á mú ètò wá, àwọn á ṣí ọ̀nà.


Ìyá_Òkè-Ajé

Mo ti kà gbogbo ẹ̀, ọmọ mi ló ka èyí tó gùn fún mi sétí, ẹ jẹ́ kí n wá bi yín ní ìbéèrè tiyín padà. Ẹ ní gómìnà ò gba ìfọwọ́sí. Olórí ẹbí ńkọ́? Ìdílé tiwa ní ilẹ̀, àwọn ọkùnrin jókòó lọ́jọ́ kan wọ́n tà á, wọ́n pín owó, wọn ò pe àwa ọmọbìnrin, wọ́n ní a ti lọ ilé ọkọ. Àwa náà ọmọ bàbá náà ni. Ta ló fún olórí ẹbí láṣẹ lórí mi? Wọ́n bí mi sínú ẹbí ni, bí wọ́n ṣe bí mi sí Nàìjíríà. Tí ọ̀rọ̀ Simmons bá ń já gómìnà, kò gbọdọ̀ fi olórí ẹbí sílẹ̀.


ỌmọOdógbolú

Mà, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí, mi ò fẹ́ tan yín. Oru méjì ni mo fi ro ó.

Ẹlẹ́sì Odógbolú, olóyè kan nílùú mi láyé àtijọ́, òun ni wọ́n máa ń sọ pé ó sọ̀rọ̀ yẹn níwájú ìgbìmọ̀ òyìnbó tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní 1912, pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan, púpọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àìmọye ni a ò tíì bí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú láti kékeré. Ṣùgbọ́n òkú ò lè fọwọ́ síwèé, ẹni tí a ò tíì bí náà ò lè fọwọ́ síwèé. Simmons, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wò, ẹni tó wà láàyè tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí àyè fún ẹni tí a ò tíì bí nínú ẹ̀ bíi ti Ẹlẹ́sì. Níbẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Èmi gbà pé mo lè jẹ ẹni tí a ò tíì bí ní gbèsè láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i.

Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn, mà, kò dára, Ẹlẹ́sì pàápàá ò lè gbè wọ́n. Olórí ẹbí tó tà láìpe gbogbo ọmọ, ohun tí gómìnà ṣe ló ṣe. Ó di ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan mú fún wa, ó wá ń ṣe bí ẹni tó ni ín.


Títísà_Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀rọ̀ Ìyá wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un.

Ẹ wo Ṣàgámù. Kì í ṣe ìlú kan láti ilẹ̀. Ọ̀fin, Mákun, Ìjọkù, Ẹ̀pẹ́ àtàwọn yòókù, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ogun ló mú kí wọ́n fikùn lukùn ní 1872 pé kí a kó jọ síbì kan kí apá wa lè ká a. Wọ́n kó jọ lóòótọ́, síbẹ̀ kálukú mú ọba ẹ̀ wá, kálukú di ilẹ̀ ẹ̀ mú, títí dòní. Ìgbà tí mo ka ibi tí Simmons ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìjọba kankan tó ti inú ìfọwọ́sí jáde, Ṣàgámù ló wá sí mi lọ́kàn. Kò pé, wọn ò bi àwọn obìnrin, wọn ò bi ẹrú. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn ju 1978 lọ fíìfíì.

Èkejì ni ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó. Òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá, wọ́n ní ọba Èkó ti fọwọ́ síwèé ní 1861, nítorí náà ilẹ̀ ti di ti ìjọba, owó kékeré ni wọ́n fẹ́ san. Olóyè yìí wọkọ̀ ojú omi lọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921 ilé ẹjọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a pé ìwé 1861 ò mú ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kúrò, pé kí wọ́n san owó ilẹ̀ lódindi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó. Abẹ́ amúnisìn, wọ́n san owó ilẹ̀. Abẹ́ òfin tí ọmọ tiwa ṣe, owó igi.


Lọ́yà_Ṣàgámù

Bàbá, ibẹ̀ yẹn ń dùn mí láti ọdún tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí. Mi ò ní ohun tí màá fi gbèjà abala 29, mi ò sì ní gbèjà ẹ̀.

Ohun kan ló kù tó ń kọ mí lóminú. Tí gbogbo wa bá gba Simmons gbọ́, ṣé ká má sanwó orí mọ́? Ká má tẹ̀lé òfin ọ̀nà?


Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́-Ìwòyè

Rárá sà. Simmons ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àìpànìyàn, àìjalè, ṣíṣàánú aláìní, gbèsè tí a jẹ ara wa ni, ìjọba wà, ìjọba ò sí. Tí ìjọba bá ń bá wa dá olè lẹ́kun, iṣẹ́ tó dára ló ń ṣe, kò sí ìdí láti dojú ẹ̀ dé. Ohun tó mú kúrò ni pé kí èèyàn ṣe nǹkan nítorí pé ìjọba ṣáá ló sọ ọ́. Òfin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró kó tó dè wá. Òfin pé má fi mọ́tò pa ọmọ ọlọ́mọ dúró. Òfin pé ilẹ̀ bàbá rẹ ò níye, kò dúró.


ỌmọOdógbolú

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ìpàdé ẹbí wa di Sátidé. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí wọ́n pe àwọn ọmọbìnrin ilé pẹ̀lú, tó fi mọ́ àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó, nítorí ohun tí Ìyá Òkè-Ajé sọ. Wọ́n kọ́kọ́ yarí, wọ́n ti gbà báyìí.

Lọ́yà, ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí nìyí o. Tí a bá gba owó igi, ṣé a ti fọwọ́ sí i pé kí ilẹ̀ lọ nìyẹn?


Lọ́yà_Ṣàgámù

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n bá gbé wá títí màá fi kà á. Tí ẹ bá máa gba owó, ẹ kọ lẹ́tà tiyín sí i, kí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i, pé owó obì àti kòkó lẹ gbà, ẹ ò tíì gba ìwé kankan tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì yọwọ́ nínú ẹ̀tọ́ yín. Ẹ ya fọ́tò gbogbo pèrègún ààlà kí wọ́n tó hú u. Kọnsitítúṣọ̀n abala 44 fún yín láyè láti lọ kóòtù lórí bóyá ẹ̀tọ́ yín wà níbẹ̀. Ẹ fi ìwé tó bá wà nílé ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mi ò ní gbowó.


Àgbẹ̀_Ìjẹ̀bú-Igbó

Kí lẹ́tà yẹn dárúkọ ìgbòrò náà o. Ẹ kọ ọdún tí ẹ ti fi sílẹ̀ àti ọdún tí ẹ fẹ́ padà sí i, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn. Tí ẹ ò bá rántí, ẹ bi ìyá àgbà tó bá wà nílé, àwọn ló máa ń mọ ọdún tí wọ́n wa ẹ̀gẹ́ ìkẹyìn níbẹ̀.